Méètì, Lẹ́nu Ọ̀nà Ilé Ìdáná

Aago márùn-ún ìdájí. Òtútù Tarrawong ń gé etí bí abẹ.
Enid Prowse ti dáná, ó ti gbé ìkòkò ẹran àgùntàn kaná:
ọkùnrin mẹ́rìnlá ni yóò jẹun kí wọ́n tó wọ abà lọ rẹ́ irun.
Ọdún kọkànlélógún rèé tó ti ń se oúnjẹ fún wọn.
Mísìsì ni wọ́n ń pè é.

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pe ara wọn, wọ́n ń hà á sẹ́nu bí ẹ̀pà.
Méètì ni ajá.
Méètì ni ọlọ́pàá tó dá wọn dúró lọ́nà Hay
(ìyẹn máa ń rọ̀, ó máa ń kúnlẹ̀ díẹ̀).
Méètì ni ẹni tí wọ́n ti gbàgbé orúkọ rẹ̀ láti èṣín.

Ẹ̀yin tí ẹ ní èdè wọn ò lámì ohùn,
ẹ wá dúró níbí kí ẹ dẹtí.
Bí Merv Tuckwell bá fà á bí ẹni ń fa okùn kànga,
méèèèètì,
ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló dé láti Queensland, wọ́n ti ń gbá ara wọn lẹ́yìn.
Bó bá tún fà á, tí ìparí rẹ̀ wá ń wọ́lẹ̀,
o ti mu bíà rẹ̀ nìyẹn, kí ojú yáa tì ọ́.
Ṣùgbọ́n bó bá gé e kúrú, tí kò rẹ́rìn-ín,
tètè gbé àwo rẹ kúrò lórí tábìlì.
"Gbọ́ mi dáadáa, méètì":
ẹni tí wọ́n sọ ìyẹn fún kì í ṣe ọ̀rẹ́ ẹnikẹ́ni.
Ọ̀rọ̀ kan náà ló ń tu èèyàn lára,
òun náà ló ń yọ èèyàn léyín.

Lọ́jọ́ Wẹ́sidé, òjò rọ̀. A kì í rẹ́ irun àgùntàn tó tutù.
Detlef Harms, tó ń ṣa irun náà sí ọ̀wọ́ ọ̀wọ́,
wá jókòó ti Enid, ó ń bá a bó ọ̀dùnkún.
Ó ní, "Ọ̀rọ̀ yín yẹn, ará ilé ìyá mi àgbà ni.
Etíkun àríwá Jámánì ló ti wọkọ̀,
ó ti lé ní ẹgbẹ̀ta ọdún.
Ẹni tí a jọ ń jẹun ni ìtumọ̀ rẹ̀.
Ẹni tí ẹran tirẹ̀ àti tìrẹ jáde nínú ìkòkò kan."

"Ìkòkò?" Ọ̀bẹ Enid dúró lára ọ̀dùnkún.
"Bẹ́ẹ̀ ni. Ìkòkò."

Ó wo ìkòkò. Ó wo ṣíbí ìrobẹ̀
tó fi ń jẹ tirẹ̀ lórí ìdúró,
lẹ́yìn tí gbogbo wọn bá ti jẹ tán.
Àjọjẹ ò dùn bí ẹnìkan ò bá ní.
Ẹnìkan rèé tó ní iná, tó ní ẹran, tó ní iyọ̀.

Lálẹ́, ó gbé àwo tirẹ̀ jáde.
Ó dúró lẹ́yìn Merv.
"Sún, méètì."

Fọ́ọ̀kì mẹ́rìnlá dákẹ́.
Òjò nìkan ló ń sọ̀rọ̀ lórí páànù.
Merv wo ẹran iwájú rẹ̀ bí ẹni pé ó fẹ́ béèrè lọ́wọ́ ẹ̀.
Ó sún.
Ọmọdé inú wọn, Corey, na iyọ̀ sí i:
"Iyọ̀ rèé, Mís—"
ó gbé ìyókù mì pẹ̀lú búrẹ́dì.

Kò sẹ́ni tó dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ mọ́.
Ó ń jókòó lálaalẹ́, wọ́n ń sún lálaalẹ́.

Ọjọ́ tí iṣẹ́ parí, ọkọ̀ ti ń mì,
Merv yọ orí lójú fèrèsé:
"Ó di ẹ̀ẹ̀mí-ìn o, mé—"
Ẹ́ńjìnnì jẹ èyí tó kù.

Enid ò béèrè.
Ó ní ìkòkò tí yóò fọ̀.